Ìtàkùn ẹ̀pà, PKC, èèpo kókó: èwo ló tó owó yín fún fáíbà ehoro l'Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ oúnjẹ ẹran l'Àkúrẹ́, tó ní ehoro lòun ń sìn, èérí àlìkámà ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ nà sí i, wheat offal tí gbogbo ayé mọ̀. Oníbàárà á gbé e sórí ọ̀kadà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti ra fáíbà, ìyẹn ìràn inú oúnjẹ. Fáíbà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó. Nínú 100 kílò èérí àlìkámà, nǹkan bíi kílò 9 sí 11 péré ni fáíbà. Ọmọ ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sì nílò oúnjẹ tí fáíbà kó kílò 14 sí 18 nínú 100 rẹ̀. Àlàfo yẹn ni ìgbẹ́ gbuuru ń gbà wọlé.

Ohun mẹ́sàn-án tó wọ́pọ̀ láàrin Àkúrẹ́, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Ìdànrè àti Oǹdó la yẹ̀ wò fún ẹni tó ń sin ehoro fún ẹran: ìtàkùn ẹ̀pà, PKC (palm kernel cake, èérí ẹkùrọ́), èérí àlìkámà fúnra rẹ̀, èérí bíà, èérí ìrẹsì, èèpo ẹ̀gẹ́, ṣùkù àgbàdo, èèpo kókó, àti ewé tí ẹnikẹ́ni lè já lẹ́yìn ilé. Gbogbo ìdá tí a bá dá níbí, ti ohun tó ti gbẹ ni, ó sì máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti àpò dé àpò. Ẹ má fi wọ́n búra.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú ehoro

Ehoro kì í jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù. Níbi tí ìfun kékeré rẹ̀ ti pàdé ìfun ńlá, àpò gbàgbà kan wà níbẹ̀ tí kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀ bámúbámú. Fáíbà tó rọ̀, irú èyí tó wà nínú ewé àti èèpo èso, oúnjẹ àwọn kòkòrò yìí ni. Fáíbà tó le, irú ti pòròpórò àti ìtàkùn gbígbẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ dà nínú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti oúnjẹ síwájú kó má dúró. Èyí tó bá gùn ju nǹkan bíi 0.3 mm lọ á kọjá tààrà, á jáde bí ìgbẹ́ gbígbẹ. Èyí tó bá kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ á yí padà sínú àpò yẹn, á sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ wá ro ti ọmọ ehoro ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fún ní àgbàdo lílọ̀ àti èérí àlìkámà tó kúnná bí èlùbọ́. Ikùn rẹ̀ ò tíì lágbára láti da sítáàṣì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì tó ṣẹ́kù á wọ inú àpò, oúnjẹ ò ní tètè rìn, kòkòrò búburú á gbilẹ̀, gáàsì á kún inú. Ikùn á wú, á máa dún gbọ̀nrangbọ̀nran bí ẹ bá gbé e mì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì lè má mọ́ bá a. Láàrin ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ lèyí ti wọ́pọ̀ jù lọ. Nítorí náà, ìbéèrè méjì lẹ máa bi ọlọ́jà: mélòó ni fáíbà inú rẹ̀, àti ṣé ó ṣì ní gígùn, àbí wọ́n ti lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú?

Àtẹ abẹ́ àgò á sọ èyí tó kù. Ẹ ṣa hóró ìgbẹ́ kan láàárọ̀. Tí oúnjẹ bá pé, á rí roboto, á tó hóró òtìlí tàbí kó jù ú lọ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí igi gbígbẹ. Ẹ fi ìka méjì fún un: á fọ́, ẹ ó sì rí ìràn koríko wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ bí ìdọ̀tí ayùn. Bó bá kéré, tó dúdú, tó le bí òkúta, omi ni kò tó tàbí fáíbà. Bí ẹ bá wá rí èyí tó rọ̀, tó ń dán, tó so mọ́ra wọ̀ǹtì-wọnti bí ìdì èso, tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àgò, ìgbẹ́ òru nìyẹn. Ẹnu ihò ìdí rẹ̀ gan-an ló yẹ kí ehoro ti jẹ ẹ́ padà, torí fítámì àti purotéènì wà nínú rẹ̀. Tó bá ń fi í sílẹ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ yín ti dùn jù, fáíbà rẹ̀ sì kéré. Kò sí ilé àyẹ̀wò tó rọ ẹni lọ́rùn ju àtẹ yìí lọ.

Ìtàkùn ẹ̀pà: òun la fi ṣe àkọ́kọ́

Harawa ni àwọn Hausa tó ń kó o wá láti òkè ń pè é, ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò lẹ ti máa rí i. Tẹ̀pà ni, tẹ̀wà náà wà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Fáíbà rẹ̀ tó 25 sí 30 nínú 100, purotéènì rẹ̀ tó 9 sí 12. Ó gùn, ó rọ̀ lẹ́nu, ehoro fẹ́ràn rẹ̀, kálísíọ̀mù sì wà nínú ewé rẹ̀, èyí tí kò pọ̀ nínú èérí. Fáíbà méjèèjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí òmíràn nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí tó lè dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe bẹ́ẹ̀. Máàkì wa fún un: 9 nínú 10.

Ohun tó gba máàkì kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yanrìn. Wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni, ilẹ̀ oko sì ń bá a wọ àpò. Kẹ́ ẹ tó ra èyí tó pọ̀, ẹ wọn kílò kan, ẹ tú u sórí tapólì, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ sì wọn ohun tó jábọ́. Bí yanrìn bá ju 100 gíráàmù lọ nínú kílò kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Ẹ wo ewé náà: ìtàkùn tí ewé rẹ̀ ti gbọ̀n dànù tán, tó ku igi nìkan, kò yàtọ̀ sí pòròpórò mọ́. Ẹ lù ú pẹ̀lú ọwọ́. Bí eruku dúdú bá gbéra tó ń ta yín nímú, ó ti bu. Ẹ̀pà kéékèèké tó bá ṣì rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ṣà á kúrò, torí inú hóró ẹ̀pà tó bu ni májèlé aflatoxin pọ̀ sí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fún ehoro. Ẹ lè so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgò nínú wáyà tí ẹ tẹ̀ bíi lẹ́tà V, 30 sí 50 gíráàmù fún ehoro kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tí ẹ bá dà á sílẹ̀, ewé nìkan ni wọ́n máa ṣà jẹ, wọ́n á tọ̀ sórí èyí tó kù. Tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ pò mọ́ oúnjẹ. Ibi ìlọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ohun tí wọ́n fowó rà jẹ́: ẹ sọ fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kó fi asẹ́ oníhò 3 sí 5 mm sínú ẹ̀rọ. Asẹ́ tó fi ń lọ oúnjẹ ẹja kúnná jù. Ẹ dúró tì í kó yí asẹ́ náà lójú yín, torí ẹni tí oníbàárà mẹ́wàá tò sílẹ̀ dè kì í fẹ́ tú bóòtù.

Èérí àlìkámà: kò burú, ipò tí wọ́n fi í sí ló burú

Purotéènì rẹ̀ dára, 15 sí 17. Kì í tètè bà jẹ́, ó sì wà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó fáíbà inú rẹ̀. Ká ní ₦300 ni kílò kan èérí àlìkámà, ká ní ₦300 náà ni kílò kan ìtàkùn ẹ̀pà. Kílò fáíbà kan látinú èérí jẹ́ ₦3,000, torí 10 nínú 100 ni. Látinú ìtàkùn ẹ̀pà tó jẹ́ 28 nínú 100, kò ju nǹkan bíi ₦1,070 lọ. Iye ọjà á máa yí, ìṣirò yìí ò ní yí: owó kílò kan, ẹ pín in fún ìdá fáíbà rẹ̀. Àṣìṣe kejì ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹni tó ń fún abiyamọ ehoro ní èérí nìkan ń fa wàhálà bọ̀. Ẹ fi í sí kílò 25 sí 30 nínú 100 kílò oúnjẹ, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. 6 nínú 10.

PKC

Ìyẹn ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún àdín kúrò lára ẹkùrọ́. Fáíbà 12 sí 18, purotéènì 14 sí 18, a sì ń ṣe é nítòsí wa, kò sí pé à ń dúró de ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Hóró rẹ̀ rí ṣàkàṣàkà, kì í kúnná, èyí sì wúlò fún ìfun. Ó lè dé 20 nínú 100 láìsí ìṣòro.

Àbùkù rẹ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni èèpo líle ara ẹkùrọ́ tó ń bá a lọ nígbà tí wọn ò bá yọ ọ́ tán. Ẹ fi asẹ́ gààrì kù ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ohun dúdú tó ń dán, tó le, tó ṣẹ́kù sórí asẹ́ ni. Díẹ̀ ò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, igi ìdáná lẹ rà. Èkejì ni àdín. PKC tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré fún lè ṣì ní àdín tó kílò 6 sí 10 nínú 100. Àdín yìí ń fúnni lágbára, ó sì ń tètè kan. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹkùrọ́ tuntun dára, òórùn tó dà bí òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹwàá kò dára. Ẹ má ra ju èyí tẹ́ ẹ máa lò láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ehoro tí kò jẹ ẹ́ rí máa ń ṣe àṣàjẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fi 5 nínú 100 bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un. 8 nínú 10.

Èérí bíà, èérí ìrẹsì, ṣùkù àgbàdo

Èérí bíà tó ti gbẹ dára gan-an: purotéènì 20 sí 25, fáíbà 14 sí 18. Ẹ lò ó dé 15 tàbí 20 nínú 100 bí ẹ bá rí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tútù ni wọ́n máa ń tà á, omi sì ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ẹni tó ra 100 kílò, nǹkan bíi kílò 20 sí 25 ló máa kù lẹ́yìn òòrùn. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń kan, lọ́jọ́ kẹta olú funfun ti hù lórí rẹ̀. Nínú òjò oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án, ẹ gbàgbé rẹ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ ìgbẹ.

Ní ti èérí ìrẹsì, orúkọ kan ni, nǹkan méjì ló ń jẹ́ ẹ. Ti ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ya ìyàngbò kúrò lára rẹ̀ kúnná, ó lóròóró, fáíbà rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti ẹ̀rọ abúlé jẹ́ ìyàngbò àti èérí tó dà pọ̀, fáíbà rẹ̀ lè ju 25 lọ, àmọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ yanrìn ni, kò sí ohun tí kòkòrò inú rí jẹ níbẹ̀. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, ẹ rò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyàngbò á léfòó, èérí tòótọ́ á dúró láàrin, yanrìn á wọlẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tó léfòó ló gba ìdajì ife, ẹ má kọjá 10 nínú 100.

Ṣùkù àgbàdo: fáíbà nǹkan bíi 33, purotéènì 3 péré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ń ba abẹ ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà ẹni tó ń lọ nǹkan á bínú sí yín. Èyí tó bá ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ewé lára, ó ti bu, ẹ sọ ọ́ nù. 10 nínú 100 ló mọ.

Èèpo ẹ̀gẹ́

Gbogbo ibi ìdín gààrì ló ní òkìtì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ọ̀fẹ́. Fáíbà rẹ̀ wà láàrin 10 sí 15, tó rọ̀, tí kòkòrò inú ehoro mọ̀ ọ́n jẹ dáadáa. Purotéènì rẹ̀ kò ju 5 lọ, sítáàṣì sì wà lára rẹ̀ gan-an, pàápàá tí ẹni tó bó o bá bó ẹran ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ má kà á sí fáíbà lásán.

Májèlé inú ẹ̀gẹ́ ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń fò lọ bí ẹ bá ṣe é dáadáa. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ILRI (ti ẹran ọ̀sìn) àti IITA (ti iṣẹ́ àgbẹ̀) gbé jáde n'Ìbàdàn ló dára jù: ẹ lọ èèpo tútù náà nínú ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta bó bá ṣeé ṣe, ẹ dì í sápò, ẹ fi jáàkì gààrì fún omi rẹ̀ dànù di ọjọ́ kejì, ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ kù ú, kẹ́ ẹ tó sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì dúdú. Òòrùn wákàtí 6 sí 8 tó. Èyí tó ṣẹ́kù sórí asẹ́, tó ṣàkàṣàkà, ni tiyín. Èyí tó kúnná, ẹ tà á fún ẹni tó ń sin adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di nǹkan bíi ọ̀kan gbígbẹ. Ẹni tó kàn da odidi èèpo sẹ́bàá títì máa dúró ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, eruku mọ́tò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ á sì wà nínú rẹ̀. 15 nínú 100, kó má jù bẹ́ẹ̀. 6 nínú 10 fún ẹni tó ní jáàkì nítòsí, 3 fún ẹni tí kò ní.

Èèpo kókó: gbogbo Oǹdó kún fún un, síbẹ̀…

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń kó kókó jù ní Nàìjíríà, èèpo yìí sì ń jẹrà lọ ní oko Ìdànrè bí ẹni pé kò wúlò. Ìdá tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n èso kókó, èèpo ni. Fáíbà rẹ̀ ju 30 lọ, purotéènì rẹ̀ 6 sí 9. Lórí ìwé, ó yẹ kó borí gbogbo wọn.

Nǹkan mẹ́ta ló dí i lọ́wọ́. Theobromine wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tó ń pa ajá tó bá jẹ ṣokoléètì. Ó kéré nínú èèpo ju inú hóró lọ, ṣùgbọ́n ó ń kó jọ bí oúnjẹ bá pọ̀. Èkejì, wọ́n ń fín kókó. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń dènà àrùn tó ń mú kókó dúdú, kọ́pà ló wà nínú rẹ̀, ara èèpo gan-an ló sì ń bà sí. Bí ẹ kò bá mọ oko tó ti wá àti ìgbà tí wọ́n fín in kẹ́yìn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pótáṣíọ̀mù: àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú èèpo kókó le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a. Nínú ehoro, ohun kan náà yìí á mú kó máa mu omi gidi, kó sì máa tọ̀ gidi, abẹ́ àgò á tutù, òórùn ìtọ̀ á máa ta wọ́n lójú àti nímú.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lò ó, kó gba èèpo tí wọ́n là lọ́jọ́ náà, kó yọ èyí tó ti dúdú kúrò, kó gé e wẹ́wẹ́ bí ìka, kó sá a láàrin ọjọ́ kan náà. Tó bá di ọjọ́ kejì nínú òkìtì, ó ti bu láti inú wá. Àgbà ehoro nìkan ni kí ẹ fún, 10 nínú 100 ló mọ, kì í ṣe ti abiyamọ tàbí ọmọ. Èèpo tó ń bo hóró kókó, tí ilé iṣẹ́ máa ń dànù, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, theobromine rẹ̀ pọ̀ jù. 3 nínú 10. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́ṣẹ.

Ewé ẹ̀yìn ilé

Igbálódẹ, yúnyun àti ìtàkùn ọ̀dùnkún ni ehoro fẹ́ràn jù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kàn rántí pé omi ló pọ̀ nínú wọn: kílò kan igbálódẹ tútù kò ní ju nǹkan bíi 150 sí 200 gíráàmù lọ bó bá gbẹ. Ẹni tó ń sin ehoro márùn-ún lè rí i já. Ẹni tó ní àádọ́ta á di alágbàṣe koríko. Ẹ já a lọ́sàn-án tí ìrì ti gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé di ọjọ́ kejì kó rọ, kó má gbóná nínú òkìtì. Ewé tó tutù rinrin, tó gbóná láàrin, ló ń wú wọn nínú. Ẹ̀bá títì àti ilẹ̀ tí wọ́n ti fín oògùn koríko, ẹ yẹra fún wọn.

Agúnmániyè ní purotéènì tó ju 20 lọ, ẹ jẹ́ kó rọ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn díẹ̀díẹ̀, torí òórùn rẹ̀ tútù kì í wù wọ́n. Bó bá bu, ẹ má fún ehoro rárá: ohun tó ń dà nínú rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì mọ́. Ewé píà, májèlé ni. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù náà, rárá.

Bí a ó ṣe pò ó

Fún 100 kílò oúnjẹ ọmọ ehoro láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún dé ìgbà tí wọn yóò lọ sọ́jà: ìtàkùn ẹ̀pà lílọ̀ kílò 30, èérí àlìkámà 28, PKC 20, àgbàdo 12, sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 8, ìkarahun òkun lílọ̀ 1.25, iyọ̀ 0.5, premix (àpòpọ̀ fítámì àti míńírà) ti ehoro tàbí ti gbogbo ẹran 0.25. Fáíbà rẹ̀ á tó nǹkan bíi 15, purotéènì nǹkan bíi 16. Fún abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ dín ìtàkùn ẹ̀pà kù sí 22, ẹ gbé àgbàdo lọ sí 16 àti sóyà sí 12: purotéènì á di 17, fáíbà á sún mọ́ 13.

Ẹ po premix àti iyọ̀ mọ́ kílò méjì èérí àlìkámà lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sórí èyí tó kù, kí ibì kan má pọ̀ jù. Oúnjẹ gbígbẹ lẹ́búlẹ́bú ń wọ ehoro nímú, á máa sín. Ẹ wọ́n omi nǹkan bíi 200 gíráàmù sí kílò méjì, ẹ fi ọwọ́ bu ú pọ̀ kó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò bá jẹ tán títí ọ̀sán ti ń kan nìyẹn, ẹ kó o kúrò. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ pẹ́lẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ oúnjẹ di hóró, ihò 3 sí 4 mm ni kó fi ṣe é.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún á jẹ 50 sí 60 gíráàmù lójúmọ́, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ 80 sí 90, ti ọ̀sẹ̀ méjìlá 100 sí 120. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí wọ́n ń mu tó ìlọ́po méjì ohun gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ, fáíbà láìsí omi sì máa ń dì wọ́n nínú. Bí ẹ bá ń yí oúnjẹ padà, ọjọ́ 7 sí 10: ìdá kan nínú mẹ́rin tuntun fún ọjọ́ méjì, ìdajì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáíbà pẹ̀lú ní àpọ̀jù: bó bá ju 20 lọ, wọ́n á máa jẹun ṣáá, wọn ò ní sanra, ehoro tó yẹ kó wọn kílò méjì á pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ adìyẹ dí i fún yín. Ti adìyẹ tó ń yé ẹyin ní kálísíọ̀mù tó 3.5 sí 4 nínú 100, ehoro kì í sì í dá èyí tó pọ̀ jù padà, inú kíndìnrín ló ń gbà jáde. Ìtọ̀ rẹ̀ á funfun, á ki bí ẹfun tí wọ́n pò. Ti òròmọdìyẹ lè ní salinomycin tàbí narasin nínú, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ, méjèèjì sì lè di májèlé fún ehoro. Ẹ ka ìwé ara àpò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáíbà rẹ̀ kò ju 6 tàbí 7 lọ, a kò ṣe é fún ehoro, ohunkóhun tó wù kí ọlọ́jà sọ.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rà á, àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sí

Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè ẹ̀pà lókè, ni ìtàkùn rẹ̀ máa ń pọ̀ tí owó rẹ̀ sì ń rọ̀. Ehoro kan tó ń jẹ 100 gíráàmù oúnjẹ yìí lójúmọ́ á lo ìtàkùn ẹ̀pà tó nǹkan bíi kílò kan lóṣù. Ogún ehoro fún oṣù mẹ́jọ, kílò 160 nìyẹn, ẹ fi 20 kún un nítorí yanrìn. Ẹ rà á tán kí òjò tó dé.

Ẹ tò ó sórí pákó, kì í ṣe sórí sìmẹ́ǹtì, kó sì jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá ó gbẹ, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ èyí tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ bá ń já bọ́ geere, ẹ di àpò.